Ilẹ̀ Tí Wọ́n Gbẹ́ Tí Wọ́n sì Dí Padà, Omi Rẹ̀ Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe omi òjò, kì í sì í ṣe omi odò. Omi tí ojú kò rí ni, èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀, tí àwọn kànga àti pọ́ǹpù wa ń fà.

Nígbà mìíràn, ilé iṣẹ́ ńlá máa ń gbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀ láti wa ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá kó o tán, á dí ihò náà padà, á tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, á sì gbin koríko àti igi sí i. Lẹ́yìn náà á sọ pé ilẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ nítorí pé ó rí koríko. Omi ni kí a yẹ̀ wò. Àwọn tó ń mu omi náà sì gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ lò jìnnà sí wa. Ilẹ̀ Jámánì ni, ní apá ìlà oòrùn, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Lausitz. Èédú ilẹ̀ ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Mo mú ibẹ̀ nítorí pé wọ́n ní owó, wọ́n ní ẹ̀rọ, wọ́n ní àwọn onímọ̀, wọ́n sì gbìyànjú gan-an láti tún ilẹ̀ náà ṣe. Síbẹ̀ omi ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu títí di òní.

Èédú tí mo ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ìyá wa ń rà nínú àpò láti fi dáná. Igi tí a sun ni tiwa. Èédú ilẹ̀ jẹ́ igi àti ewé ayé àtijọ́ tí iyanrìn àti amọ̀ bò mọ́lẹ̀ láti àìmọye ọdún, títí ó fi di ohun kan tó dà bí òkúta tó ń jó. Ti Lausitz kò le púpọ̀, kò sì jìn púpọ̀. Nítorí náà, wọn kì í wọ inú ihò lọ wà á. Ńṣe ni wọ́n ń ká gbogbo ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ga ju ilé lọ. Abúlé tó bá wà lójú ọ̀nà, wọ́n á kó àwọn ará ibẹ̀ lọ síbòmíràn, wọ́n á sì wó o. Ó lé ní 100 abúlé tó ti lọ bẹ́ẹ̀, ní odindi tàbí ní apá kan. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti àwọn Sorb, ẹ̀yà kékeré kan tó ní èdè tirẹ̀ láàárín àwọn ará Jámánì.

Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga rí mọ̀ pé bí a bá ti kan omi, iṣẹ́ gbígbẹ́ di wàhálà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún wọn. Kí ihò lè gbẹ, wọ́n gbẹ́ kànga yí i ká, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ fa omi tọ̀sán tòru. Kí wọ́n tó rí tọ́ọ̀nù èédú 1, wọ́n ń fa omi tó tó bíi kúbíkì mítà 6 dànù. Ìyẹn tó àgbá ńlá onílítà 200, 30. Wọ́n ṣe èyí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Omi abẹ́ ilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ jìnnà, kì í ṣe lábẹ́ ihò nìkan, bí kò ṣe dé àwọn oko àti abúlé tí wọn kò tilẹ̀ gbẹ́.

Ní 1990 Jámánì méjèèjì di ọ̀kan. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ti púpọ̀ nínú àwọn ibi ìwakùsà náà pa. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀, LMBV ni orúkọ rẹ̀, láti tún ilẹ̀ ṣe ní Lausitz àti ní agbègbè èédú kejì tó wà ní àárín gbùngbùn Jámánì. Owó tó ti lọ sí iṣẹ́ náà ti lé ní bílíọ̀nù 10 yúrò. Ní owó wa, ó lé ní bílíọ̀nù 6,500 fráǹkì CFA. Wọ́n tẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbin igi, wọ́n sì jẹ́ kí omi kún àwọn ihò tó tóbi jù títí wọ́n fi di adágún. Ó dára pé wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá rí àwọn ọmọdé tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún Senftenberg, tí wọ́n fi omi kún láàárín 1967 àti 1972, kò ní mọ̀ pé ihò ìwakùsà ni.

Àwòrán irú ibẹ̀ dùn ún tẹ̀ sínú ìwé. Lápá kan, ihò dúdú. Lápá kejì, pápá tútù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ya àwòrán omi abẹ́ ilẹ̀.

Ohun tó wà lábẹ́ koríko

Nínú iyanrìn tó bo èédú mọ́lẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ kan wà tó ń dán bíi wúrà. Irin àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ di òkúta náà. Nígbà tó wà nínú omi lábẹ́ ilẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kò kàn án, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n wọ́n fa omi gbẹ, wọ́n sì tú iyanrìn síta. Afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi òróró pa àdá, kí ẹ fi aṣọ wé e, kò ní dípẹtà. Ẹ fi àdá kan náà sílẹ̀ nínú ìrì fún oṣù kan, ẹ ó rí bí yóò ṣe pupa. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà ṣe dípẹtà. Irin inú rẹ̀ di ìpẹtà. Imí ọjọ́ inú rẹ̀ di omi kíkan, irú èyí tó wà nínú bátìrì ọkọ̀.

Ìpẹtà yìí jókòó jẹ́ẹ́ sínú iyanrìn tí wọ́n fi dí ihò. Nígbà tí iṣẹ́ parí, tí wọ́n pa ẹ̀rọ ìfami, omi abẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń gòkè, ó ń fọ ìpẹtà àti omi kíkan náà kúrò lára iyanrìn, ó sì ń gbé wọn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé èyí lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń wa èédú ni omi bàjẹ́ jù, ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ ilé ni.

Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan fún omi tó kan. Wọ́n ń pè é ní pH. Omi tó dára wà ní àyíká 7. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni omi ń kan sí i. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà láàárín 2 sí 3. Ní àwọn adágún kan ní Lausitz, omi wà ní bíi 3. Ẹja kò lè gbé inú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń da ìyẹ̀fun òkúta funfun, irú òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, sínú adágún láti pa kíkan náà. Nígbà tó bá tún ṣe, omi kíkan tún ń wọlé láti inú ilẹ̀, wọ́n á sì tún dà á.

Odò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Spree. Lẹ́yìn 2010, àwọn ará etí odò náà rí i pé apá kan odò àti àwọn odò kékeré tó ń wọ inú rẹ̀ pupa bí ìgbà tí òjò bá fọ ilẹ̀ pupa. Òjò kọ́. Irin láti inú ilẹ̀ ìwakùsà ni. Ó di ẹrẹ̀, ó bo ìsàlẹ̀ odò, níbi tí ẹja ń yé sí. Àwọn apẹja àti àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé àlejò lórí odò kò dákẹ́. Nítorí ariwo wọn, ìjọba wá àwọn ọ̀nà láti mú irin náà kí omi tó kọjá.

Pupa yẹn, ó kéré tán, ojú rí i. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni èyí tí ojú kò rí. Imí ọjọ́ inú òkúta náà máa ń di irú iyọ̀ kan nínú omi, tí wọ́n ń pè ní súlífétì. Omi náà mọ́ kedere. Ó ń bá odò Spree lọ títí dé Berlin, olú ìlú Jámánì, níbi tí àwọn kànga etí odò ti ń fa omi mímu. Òfin Jámánì ní kí súlífétì má kọjá mílígírámù 250 nínú lítà omi kan. Àwọn tó ń ṣe omi Berlin gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ nọ́ńbà yìí lójoojúmọ́ ayé, nítorí èédú tí wọ́n wà nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń mu omi náà kò tíì dáyé.

Omi tó ń gòkè tún ń ṣe nǹkan mìíràn. Ilẹ̀ tí a dà padà sínú ihò kò le bí ilẹ̀ àtètèkọ́ṣe. Gbogbo ẹni tó ti dí ihò ṣáláńgá rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 18 July 2009, ní abúlé Nachterstedt, tó wà ní agbègbè èédú kejì tí mo dárúkọ, ilẹ̀ etí adágún já lójijì lórí àwọn ilé tó wà níbẹ̀. Ènìyàn 3 kú. Àwọn tó ṣe ìwádìí sọ pé agbára omi abẹ́ ilẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Ní October 2010, ní Spreetal ní Lausitz, ilẹ̀ tí wọ́n ti tún ṣe di ẹrẹ̀ lójijì, ó sì gbé agbo àgùntàn mì. Koríko tútù ni àwọn àgùntàn náà ń jẹ.

Sísè omi kò tó

Níbi tí ọ̀rọ̀ kan ìlera wa nìyí. Wọ́n ti kọ́ wa pé kí á se omi, kí á sẹ́ ẹ, kí á fi oògùn sí i. Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Kòkòrò ni ó ń pa. Ṣùgbọ́n irin àti súlífétì kì í ṣe kòkòrò. Bí a bá se omi oníyọ̀ títí ó fi ku ìdajì, ṣé iyọ̀ rẹ̀ dín kù? Ó kúkú pọ̀ sí i ni. Bẹ́ẹ̀ ni ti súlífétì. Bó bá pọ̀, ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, pàápàá fún ọmọ ọwọ́ àti fún àlejò tí omi náà kò mọ́ lára. Ó ń yọ màlúù lẹ́nu pẹ̀lú. Omi kíkan tún lè yọ́ àwọn irin mìíràn jáde láti inú òkúta, tí àwọn kan nínú wọn jẹ́ májèlé.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé wọ́n ti yẹ omi wò, ẹ béèrè ohun tí wọ́n wá nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ kòkòrò nìkan ni wọ́n wá, kòkòrò nìkan ni wọ́n lè sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ta ló ń wọ̀n ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́: láti mọ ohun tí ìwakùsà ṣe sí omi, ó le. Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sáré. Nínú iyanrìn mìíràn, ó lè rin mítà 20 péré láàárín ọdún kan. Bí kànga yín bá wà ní mítà 600 sí ihò tí wọ́n dí, omi láti ibẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ yín lẹ́yìn ọdún 30. Ẹni tó bá wọn omi kànga náà ní ọdún kejì, tó ní kò sí nǹkan kan, kò parọ́. Kò sì tíì sọ ohunkóhun.

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà láti 1977. Kí ilé iṣẹ́ tó wa èédú, ó gbọ́dọ̀ kọ ohun tí iṣẹ́ náà lè ṣe sí omi sílẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ fi owó dógò, tí wọn kò ní dá padà fún un tán bí kò bá tún ilẹ̀ ṣe. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ọdún 5 ni wọ́n ń fi wo bóyá koríko hù dáadáa, ọdún 10 níbi tí òjò kò pọ̀. Ẹ fi ọdún 10 yẹn wé ọdún 30 tí a ṣírò lókè.

Ohun tó lè ràn wá lọ́wọ́ ni ìwọ̀n tí a ti mú kí wọ́n tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Bí kò bá sí i, tí omi bá wá bàjẹ́, ilé iṣẹ́ á sọ pé bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ó tún yẹ kí kànga wà ní apá òkè tí omi ti ń bọ̀, kí òmíràn wà ní apá ìsàlẹ̀ tí omi ń lọ. Bí ti òkè bá dára, tí ti ìsàlẹ̀ bàjẹ́, ohun tó wà láàárín wọn ló ní ẹjọ́ í rò.

Àwọn kan ń sọ pé ilé iṣẹ́ ní ẹ̀rọ, ó ní ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹ́ kó máa wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Èmi kò sọ pé kó má wọ̀n ọ́n. Mo ní kó má jẹ́ òun nìkan. Àgbọ́-ẹjọ́-ẹnì-kan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìjọba, kí ọ̀kan sì wà ní abúlé.

Àwọn mìíràn ní ará oko kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbàgbé sòbìà. Ta ni ó ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń ka iye àwọn tí sòbìà mú, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù? Àwọn tí abúlé yàn láàárín ara wọn ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì jókòó pẹ́ ní ilé ìwé. Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán ní Benin ní 2009, àti ní Tógò ní 2011. Iṣẹ́ ìwé kékeré wọ̀nyẹn wà nínú rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ilẹ̀ ní Kétu tàbí ní Sábẹ́. Òótọ́ ni. Ọ̀kan tí kò jìnnà sí wa púpọ̀ ni ti Enugu ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915. Ní Enugu wọn kò dí nǹkan kan. Wọ́n fi ihò Onyeama sílẹ̀, omi ń ṣàn jáde láti inú rẹ̀ lọ sínú odò Ekulu. Ó burú, ṣùgbọ́n kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo ènìyàn ń rí i.

Síbẹ̀, a ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ní Onígbólò, ní agbègbè Pobè, wọ́n ń wa òkúta láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ní Hahotoé ní Tógò, wọ́n ti ń wa fọ́sífétì láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ pupa fún ọ̀nà mọ́tò náà ń fi ihò sílẹ̀ káàkiri. N kò sọ pé omi ibẹ̀ yóò kan bíi ti Lausitz. Òkúta sìmẹ́ǹtì kì í mú omi kan, òun gan-an ni wọ́n fi ń pa kíkan. Ṣùgbọ́n ihò tó bá jìn ju ojú omi lọ ń fa omi kànga sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ohun yòówù tí wọn ìbáà máa wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí a sì dà padà sínú ihò kì í gbé omi bí ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ìbéèrè kan náà ni: ibo ni omi wà kí wọ́n tó dé, ta ló sì kọ ọ́ sílẹ̀?

Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo abúlé tó wà nítòsí irú ibẹ̀ ṣe, kí olórí abúlé tó fi ọwọ́ sí ìwé kankan. Ẹ yan ẹni méjì tó mọ̀wé kọ, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, nítorí àwọn obìnrin ló ń pọn omi, àwọn ló sì ń kọ́kọ́ mọ̀ bí adùn rẹ̀ bá yí padà. Ẹ ra ìwé alákọsílẹ̀ kan. Ẹ wá okùn tí kì í nà, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì ta kókó sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni tó pọnmi, ẹ sọ ọ́ sínú kànga, kí ẹ ka kókó láti ẹnu kànga títí dé ojú omi. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ kànga, iye mítà, àwọ̀ omi àti bó ṣe rí lẹ́nu. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ẹ tún béèrè pé kí wọ́n gbé omi yín lọ yẹ̀ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, fún kòkòrò, fún pH, fún irin àti fún súlífétì. Àwa kò lè fi okùn mọ ìyẹn. Kí wọ́n fún abúlé ní ìwé èsì rẹ̀, kí mérì náà ní ọ̀kan. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí ihò tán, iye ọdún tí yóò jẹ́, àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀.

Ti okùn àti ìwé kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, nítorí ìgbà yẹn ni ojú omi jìn sílẹ̀ jù lọ.